Ìyáàlù Níwájú Míkísà: Ìrántí Ìbàdàn Ìgbà Rédíò àti Àwo Orin

Ìbàdàn ayé ìjọ́un, láti ìgbà tí rédíò ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ títí di ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì gba ọjà lọ́wọ́ àwo orin, jẹ́ ìlú tí ohùn ìlù ti ń gba ọ̀nà méjì dé etí ará ìlú. Ọ̀nà kìíní ni ti onílù fúnra rẹ̀, tí ó gbé ìyáàlù kọ́ èjìká láti ojúde kan dé òmíràn ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba, ní Mápó àti ní Bẹyẹrúnkà, tí ó ń ki onílé, tí ó ń ki àlejò. Ọ̀nà kejì ni ti ẹ̀rọ, tí ó gba ohùn ìlù kan náà sílẹ̀ ní sítúdíò, tí ó sì dá a padà sí àwọn àdúgbò wọ̀nyí láti inú rédíò orí pẹpẹ tàbí láti ẹnu agbóhùnsókè àwọn tí ń ta àwo orin. Láàárín onílù àti ẹ̀rọ yìí ni ẹnì kan jókòó sí tí ìtàn kì í sábàá dárúkọ, ìyẹn ẹni tó wà nídìí míkísà. Èrò tí àròkọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé iṣẹ́ títo míkísà fún ìyáàlù kì í ṣe iṣẹ́ iná àti wáyà nìkan. Iṣẹ́ èdè ni, nítorí pé ìlù tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ ń sọ̀rọ̀, bí ìtò náà bá sì kùnà, adùn nìkan kọ́ ni ó ń sọnù, ọ̀rọ̀ pàápàá a máa bá a lọ.

Míkísà ni pátákó ẹ̀rọ tí ohùn láti inú maikirofóònù mélòó kan ń wọ̀, tí ohùn kọ̀ọ̀kan sì ní ọ̀nà tirẹ̀ lórí rẹ̀, kí oníṣẹ́ lè mú ọ̀kan lọ sókè, kí ó mú òmíràn wálẹ̀, kí ó gé ariwo tí kò wúlò kúrò lára ẹ̀kẹta, kí ó tó pa gbogbo wọn pọ̀ di ohùn kan, tàbí méjì bí ó bá jẹ́ stẹ́rió, tí yóò lọ sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni géènì wà, bọ́tìnnì tí ń sọ ìwọ̀nba agbára iná tó ti inú maikirofóònù wá di ohun tí ẹ̀rọ lè lò. Equaliser sì wà níbẹ̀, èyí tí oníṣẹ́ fi ń dín ìró tó wúwo tàbí ìró tó mú ṣáṣá kù, tí ó sì fi ń bù kún un. Fédà ni ó wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tí ń pinnu bí ohùn náà yóò ti pọ̀ tó láàárín àwọn yòókù. Lórí ọ̀pọ̀ míkísà àtijọ́, fédà kì í ṣe ọ̀pá tí a ń tì sókè sódò bí ó ti rí lónìí, bọ́tìnnì ńlá róbótó tí a ń yí ni, ẹni tó bá sì ń lo mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn lẹ́ẹ̀kan náà ní láti mọ ọwọ́ yí dáadáa.

Ṣáájú kí irú pátákó bẹ́ẹ̀ tó dé ni ohùn Yorùbá ti wà lórí àwo. Ní ọdún 1922 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọ orin ìsìn Yorùbá sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù, ní àkókò tí kò tíì sí maikirofóònù nínú iṣẹ́ náà, tí olórin ń kọrin sínú ìwo ẹlẹ́nu gbòòrò, tí agbára ohùn rẹ̀ nìkan sì ni ó ń mi abẹ́rẹ́ tí ń fín ojú àwo. Láti ọdún 1925 ni iná mànàmáná wọ inú iṣẹ́ náà, nígbà tí Túndé King sì gba jùjú rẹ̀ sílẹ̀ fún Parlophone ní ọdún 1936, maikirofóònù ti gba ipò ìwo. Síbẹ̀, ẹyọ kan ni gbogbo ẹgbẹ́ sábà máa ń pín, ojú àwo tí ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan kò sì gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Lábẹ́ ètò oníkan yìí, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ tí míkísà wá ń ṣe lẹ́yìn náà: ẹni tí ohùn rẹ̀ bá lágbára a sún sẹ́yìn, ẹni tí tirẹ̀ bá rọ̀ a sún mọ́ iwájú, ibi tí onílù bá sì dúró sí ni ìwọ̀n ìlù rẹ̀ títí àwo yóò fi tán.

Ní Ìbàdàn, ọdún 1939 ni ètò rédífúṣọ̀n dé, ìyẹn ètò tí ìjọba fi ń fa wáyà láti ibùdó kan lọ sí ilé àwọn tó bá ń san owó, kí àpótí kékeré tó wà nínú ilé wọn lè máa sọ̀rọ̀ fún wọn. Ní ọdún 1951 ni wọ́n dá Nigerian Broadcasting Service sílẹ̀, tí Tom Chalmers, òṣìṣẹ́ BBC, jẹ́ olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́, tí Ìbàdàn sì di ọ̀kan pàtàkì lára àwọn ibùdó rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1957 ni ó di Nigerian Broadcasting Corporation. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ṣí WNTV ní Àgodi, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè náà, níbi tí Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì àti òǹkọ̀wé, ti ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, ìpínlẹ̀ náà ní ilé-iṣẹ́ rédíò tirẹ̀, èyí tí ilé rẹ̀ ní Baṣọ̀run di ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ilé Akéde. Bí ilé-iṣẹ́ ti ń pọ̀ sí i ni àkókò tí wọ́n ní láti fi orin àti ìlù ìbílẹ̀ kún ń gùn sí i, àwo tí àwọn ilé-iṣẹ́ Èkó ń tẹ̀ jáde kò sì tó wọn lò. Ohun tó kù ni pé kí wọ́n pe onílù wá sí sítúdíò.

Ìlù ni ó kọ́kọ́ ń kéde rédíò Nigerian Broadcasting Corporation fún ará ìlú. Wọ́n fi dùndún lu orúkọ ilé-iṣẹ́ náà gẹ́gẹ́ bí àmì ìdánimọ̀, ṣùgbọ́n nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ ọ̀hún, tí Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ bíi ti Yorùbá, oníkálukú ni ó fi gbólóhùn tirẹ̀ tò ó. Àwọn kan gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa onígbèsè tí kò sí ní ilé tí wọ́n wá a dé, àwọn mìíràn sì gbọ́ ìbéèrè nípa ẹni tí yóò jọba lẹ́yìn Olúbàdàn. Àwàdà ni àwọn ọmọdé fi í ṣe, àmọ́ ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ tóbi fún oníṣẹ́ míkísà: etí Ìbàdàn kì í gbọ́ dùndún gẹ́gẹ́ bí ariwo lásán, ọ̀rọ̀ ni ó ń wá nínú rẹ̀, bí kò bá sì rí èyí tí onílù sọ, yóò fi èyí tí onílù kò sọ rọ́pò rẹ̀.

Ó di dandan láti mọ bí ìlù náà ti rí kí ìtò míkísà tó lè yé ènìyàn. Igi tí wọ́n gbẹ́ ni ara dùndún. Ojú rẹ̀ méjèèjì fẹ̀, àárín rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Awọ ọmọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń bo ojú méjèèjì, ọṣán, ìyẹn okùn tín-ín-rín tí wọ́n fi awọ ṣe, sì ni ó so ojú kan pọ̀ mọ́ èkejì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ojú kan ni onílù ń fi kọ̀ǹgọ́ lù, ọ̀pá tí orí rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ. Ọwọ́ kejì wà lára ọṣán, tí ó bá fún un, awọ yóò le, ohùn yóò gòkè, tí ó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn yóò wálẹ̀. Ìyáàlù ni ó tóbi jù láàárín wọn, òun sì ni ó ń sọ̀rọ̀. Ṣaworo, agogo idẹ kéékèèké, ni wọ́n to yí etí ojú rẹ̀ ká. Àwọn omele bíi kẹríkẹrì, ìsáájú àti kànnàǹgó ni wọ́n ń gbe ìyáàlù lẹ́sẹ̀, gúdúgúdú, olójú kan tí wọ́n ń fi ọ̀já awọ méjì lù, sì ni ó ń pa àlà sí àárín gbogbo wọn láìsinmi.

Ìyáàlù ní agbára láti sọ̀rọ̀ nítorí pé Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn, tí ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ń ya ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò sì ní fáwẹ̀lì. Ohùn, gígùn àti ìfàsókè tàbí ìfàsílẹ̀ nìkan ni ó lè mú jáde. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni onílù kì í fi í sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bí kò ṣe oríkì, òwe àti gbólóhùn gígùn tí ará ìlú ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí etí lè fi ìyókù kún un. Adétóyèsé Láoyè Kìíní, Tìmì Ẹdẹ tó fi ọba ṣe onílù, ṣàlàyé ìdílé àwọn ìlù Yorùbá nínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní ọdún 1959. Akin Euba, tó ti ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka orin Nigerian Broadcasting Corporation, sì fi odindi ìwé kan tó jáde ní ọdún 1990 ṣe ìtúpalẹ̀ ìṣe dùndún. Ohun tí iṣẹ́ àwọn méjèèjì jẹ́ kó hàn ni pé bí ìfàsókè kan bá sọnù nínú ohùn ìyáàlù, gbólóhùn lè di ohun mìíràn. Abájọ tí àwọn àgbà fi ní bí òwe bí òwe ni à ń lu ìlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í sì í mọ̀ ọ́n.

Ìtò míkísà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí míkísà kò sí, ìyẹn ní ìdí maikirofóònù. Bí maikirofóònù bá sún mọ́ ojú ìlù jù, ìró kọ̀ǹgọ́ lára awọ ni yóò gbà ju ohùn tó tẹ̀ lé e lọ, bẹ́ẹ̀ inú ohùn tó tẹ̀ lé e yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ó bá jìnnà jù, gúdúgúdú àti omele yóò bo ìyáàlù mọ́lẹ̀. Ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ ni nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sí ojú tí wọ́n ń lù, kí maikirofóònù sì yà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí ṣaworo má baà kọjú sí i tààrà. Àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ìgbà náà lo maikirofóònù oníríbọ́ọ̀nù púpọ̀, èyí tí ń gbọ́ iwájú àti ẹ̀yìn ṣùgbọ́n tí kì í gbọ́ ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá mọ èyí lè fi olóhùn sí iwájú rẹ̀, kí ó fi ìyáàlù sí ẹ̀yìn, kí ó sì fi gúdúgúdú sí ẹ̀gbẹ́ tó dití sí. Ríbọ́ọ̀nù inú rẹ̀ jẹ́ irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ líle lè bàjẹ́, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbé sí ẹnu ìlù. Maikirofóònù oníwáyà-kíká, irú èyí tí Shure SM57 tó jáde ní ọdún 1965 jẹ́, ni ó lè fara da ìlù nítòsí láìsí ewu.

Bí maikirofóònù bá ti dúró, iṣẹ́ kàn míkísà. Kí oníṣẹ́ tó tan ohunkóhun, yóò rí i pé gbogbo fédà wà nísàlẹ̀, pé géènì wà ní ibi tó kéré jù, pé equaliser wà láàárín níbi tí kò ti bù kún ohùn, tí kò sì bù kúrò nínú rẹ̀. Míkísà ni yóò kọ́kọ́ tàn, ẹ̀rọ tí ń gbé agbóhùnsókè dúró ni yóò tàn gbẹ̀yìn. Bí ó bá fẹ́ pa wọ́n, èyí tó tàn gbẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ pa, kí ìró gbì tí iná ń mú wá nígbà tó bá ń wọlé tàbí tó bá ń jáde má baà fa ike agbóhùnsókè ya. Wáyà onímú mẹ́ta ni ó máa ń so maikirofóònù pọ̀ mọ́ míkísà: méjì nínú àwọn imú náà ń gbé ohùn kan náà ní ìdojúkọ tó lòdì síra, kí ìkùn iná tó bá kọlù wọ́n lójú ọ̀nà lè pa ara rẹ̀ rẹ́ nígbà tí wọ́n bá dé inú míkísà, ẹ̀kẹta sì ni ààbò wọn. Maikirofóònù oníkọndẹ́ńsà nílò iná tirẹ̀, èyí tí míkísà lè fi fọ́ltì 48 rán sí i gba inú wáyà yìí kan náà.

Lẹ́yìn èyí ni míkísà àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ yóò fẹnu kò. Oníṣẹ́ yóò rán ìró kan ṣoṣo, tó sábà máa ń jẹ́ 1000 Hz, ìyẹn ìró tí ń gbọ̀n ní ìgbà 1000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, láti inú míkísà lọ sínú ẹ̀rọ téèpù, yóò sì tún géènì ẹ̀rọ téèpù náà ṣe títí abẹ́rẹ́ mítà méjèèjì yóò fi tọ́ka sí ibi kan náà. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí dá lè máa rí ìwọ̀n tó dára lójú míkísà nígbà tí téèpù ti ń ya ohùn, tàbí tí ohùn kéré débi pé ariwo ṣíì tí téèpù fúnra rẹ̀ ń mú wá yóò hàn ketekete lẹ́yìn rẹ̀.

Géènì ni ó kàn, níbí sì ni ìwà àwọn àyàn, ìyẹn àwọn onílù, ti ṣe pàtàkì. Onílù tí wọ́n bá ní kí ó dán ìlù wò yóò lù ú wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí ń kí ni kú àárọ̀; nígbà tí orin bá wọra, tí ó bá kan oríkì ìdílé jagunjagun kan, agbára ọwọ́ rẹ̀ yóò di ìlọ́po. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí oníṣẹ́ ní kí onílù lu ibi tó gbóná jù nínú ohun tó fẹ́ lù, kí ó fi ìyẹn díwọ̀n géènì, kí ó sì tún fi àyè sílẹ̀ lókè fún ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀. Bí géènì bá pọ̀ jù, orí ìgbì ohùn yóò gé, ìró tó ya yóò jáde, kò sì sí fédà kankan tó lè tún un ṣe, nítorí pé ìbàjẹ́ náà ti ṣẹlẹ̀ kí ohùn tó dé ọ̀dọ̀ fédà.

Mítà pàápàá lè tan ènìyàn jẹ. Mítà VU, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ ní ọdún 1939, ń gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ tó gòkè débi tó yẹ, nítorí pé wọ́n ṣe é kí ó lè bá bí etí ṣe ń gbọ́ ìwọ̀n ohùn mu. Ìró kọ̀ǹgọ́ lára awọ yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí abẹ́rẹ́ tó dé ìdajì ọ̀nà, ìró náà ti dé téńté, ó sì ti ń rọlẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ohùn gan-an lè fi desibeli mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá ohun tí mítà fi hàn. PPM, mítà tí BBC yàn láàyò, yára ju VU lọ dáadáa, nítorí nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ti tó o láti fèsì. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lórí ọ̀kan, tó wá lọ jókòó sídìí èkejì, ní láti tún etí àti ojú rẹ̀ kọ́. Nídìí VU, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìlù gbé abẹ́rẹ́ dé ibi tí ohùn ènìyàn ń gbé e dé.

Equaliser ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ tí kò ní sùúrù ń sáré lọ bá, bẹ́ẹ̀ òun ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn. Ṣaworo ń mú ìró ṣáṣá wá tó lè bo ìyáàlù, ọwọ́ a sì máa yá láti gé gbogbo ìró òkè kù. Àmọ́ nínú ìró òkè yẹn kan náà ni ìbẹ̀rẹ̀ ìlù kọ̀ọ̀kan wà, tí ó bá sì lọ, gbólóhùn yóò máa yọ́ wọ inú ara wọn láìsí ààlà láàárín sílébù kan àti èkejì. Ohun tó dára jù ni kí oníṣẹ́ dìde, kí ó yí ojú maikirofóònù díẹ̀, kí ó tún padà wá gbọ́. Bákan náà ni ìró ìsàlẹ̀: bọ́tìnnì tí ń gé ohun tó bá wà lábẹ́ 80 Hz wúlò fún gbígé ìró mọ́tò òde àti ìkùn ẹ̀rọ amúlétutù kúrò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gé e kọjá bẹ́ẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ìyáàlù yóò tín-ín-rín, àlàfo tó wà láàárín ohùn ìsàlẹ̀ àti ti àárín kò sì ní hàn kedere mọ́. Ohùn ìsàlẹ̀ tí kò wúwo jẹ́ àmì ohùn tí a kò fi sórí ọ̀rọ̀.

Nígbà tí maikirofóònù bá ti ju ẹyọ kan lọ ni wàhálà féèsì ń dé. Bí wọ́n bá gbé ọ̀kan sí ojú tí wọ́n ń lù, tí wọ́n gbé èkejì sí ojú ẹ̀yìn kí ohùn ìlù lè kún, kọ̀ǹgọ́ yóò ti awọ iwájú wọlé ní àsìkò kan náà tí awọ ẹ̀yìn ń yọ jáde. Maikirofóònù kìíní yóò gbọ́ awọ tó ń sá fún un, èkejì yóò gbọ́ awọ tó ń bọ̀ wá bá a, nígbà tí míkísà bá sì pa ohùn méjèèjì pọ̀, wọn yóò máa pa ara wọn rẹ́, pàápàá níbi ìró tó wúwo. Bọ́tìnnì féèsì, tí ń yí ìdojúkọ ìgbì ohùn padà, ni wọ́n fi ń tún un ṣe lórí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà méjèèjì. Láàárín ìyáàlù àti omele, ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ ń tẹ̀ lé ni pé bí maikirofóònù kan bá jìnnà sí ìlù tirẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí maikirofóònù kejì jìnnà sí maikirofóònù yẹn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, ó kéré tán.

Ìpalẹ̀mọ́ ti parí nígbà yìí, ó wá ku ìdájọ́ etí. Ìyáàlù ni fédà rẹ̀ kọ́kọ́ ń gòkè, títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò fi yéni dáadáa. Àwọn omele ń tẹ̀ lé e níkọ̀ọ̀kan, kí oníṣẹ́ sì dúró ní kété tí ọ̀rọ̀ ìyáàlù bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fara sin. Gúdúgúdú ń wọlé gbẹ̀yìn, níwọ̀n tí ijó kò fi ní kú. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ lórí orin òyìnbó, níbi tí ìlù ti jẹ́ ohun tí ń gbé orin lẹ́yìn, lè to gbogbo ìlù sí ìwọ̀n kan náà kí wọ́n lè dún pọ̀ dáadáa, lójú tirẹ̀ kò sì ní sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Etí Ọjà'ba yóò gbọ́ ijó nínú irú ìtò bẹ́ẹ̀, kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀. Ipò olóhùn ni ó yẹ ìyáàlù lórí míkísà. Ìdánwò rẹ̀ kò sì ṣòro: kí wọ́n pe ẹnì kan tó gbọ́ ìlù, tí kò sí nínú iyàrá nígbà tí onílù ń lù, kí wọ́n fi agbóhùnsókè kékeré bíi ti rédíò ilé gbé e jáde fún un, kí ó sì sọ ohun tí ìlù wí.

Bàtá mú ẹ̀kọ́ mìíràn wá. Ìyáàlù bàtá ní ojú ńlá àti ojú kékeré tí kì í yí ohùn padà bíi ti dùndún, nítorí náà òun àti omele abo ni wọ́n jọ ń pín ohùn gbólóhùn kan ṣe. Nígbà tí stẹ́rió dé, tí bọ́tìnnì kan lórí míkísà lè ti ohùn kan sí apá òsì kí ó sì ti òmíràn sí apá ọ̀tún, ìfẹ́ ohun tuntun lè mú oníṣẹ́ ya àwọn méjèèjì nípá láìmọ̀ pé gbólóhùn ni òun gé sí méjì.

Ìgbà ewì orí àwo ni iṣẹ́ yìí tún ní ìtumọ̀ tuntun ní Ìbàdàn. Láńrewájú Adépọ̀jù àti Túbọ̀sún Ọládàpọ̀, akéwì tí àwọn méjèèjì fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó, kò dúró de ilé-iṣẹ́ Èkó nìkan. Adépọ̀jù dá Lanrad Records sílẹ̀, Ọládàpọ̀ sì dá Olatubosun Records sílẹ̀. Nínú irú àwo bẹ́ẹ̀, ẹnu akéwì ń sọ̀rọ̀, ìlù náà sì ń sọ̀rọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá wà ní ìwọ̀n kan náà lórí míkísà, kò sí èyí tí yóò yé olùgbọ́. Bí ìlù bá sì kéré jálẹ̀, èsì tó ń fọ̀ sí akéwì yóò ṣòfò. Ọwọ́ oníṣẹ́ kò gbọdọ̀ kúrò lórí fédà: ìlù a wálẹ̀ nígbà tí akéwì bá ń dá gbólóhùn, ìlù a sì gòkè nígbà tó bá mí. Iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe fún ẹni tí kò gbọ́ ewì, nítorí pé kò ní mọ ibi tí gbólóhùn yóò parí sí.

Iná pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Téèpù ìgbà náà ń rìn ní ìwọ̀n ínṣì 7½ tàbí ínṣì 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ó bá sì ti yára tó ni ohùn rẹ̀ ń dára tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń jẹ téèpù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mọ́tò ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ téèpù gbára lé 50 Hz tí iná Nàìjíríà ń lò. Nígbà tí iná ìjọba bá lọ, tí jẹnẹrétọ̀ sì gba iṣẹ́, bí jẹnẹrétọ̀ náà bá ń sáré tó tún ń rọra, téèpù yóò máa ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ohùn tó wà lórí rẹ̀ yóò sì máa gòkè sọ̀kalẹ̀. Lórí fèrè tàbí dùùrù, àléébù etí ni èyí. Lórí dùndún, ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ ohùn ni àkọtọ́ ọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ̀rọ tí kò dúró déédéé lè ṣi onílù kà.

Gbígba ohùn sílẹ̀ ní ìta sítúdíò le ju gbogbo èyí lọ. Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n parí ní ọdún 1929 sórí òkè tó ga ju àárín ìlú àtijọ́ lọ, jẹ́ ibi tí ayẹyẹ oyè àti ìpàdé ńlá ti ń wáyé, kò sì sí irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ tí àyàn kò ní dé. Àjà rẹ̀ ga, ògiri rẹ̀ le, ìró sì ń pẹ́ níbẹ̀ kí ó tó kú. Ohùn ìlù kan a máa bá èyí tó tẹ̀ lé e pàdé lójú ọ̀nà. Níbẹ̀, míkísà kékeré ọlọ́nà mẹ́rin tí oníṣẹ́ rédíò gbé lọ́wọ́ kò lè yọ ìró ògiri kúrò. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni kí ó sún mọ́ onílù ju bí yóò ti ṣe ní sítúdíò lọ, kí ó gba ṣaworo tó pọ̀ díẹ̀ kí ó lè rí ọ̀rọ̀ tó mọ́. Ní ojúde Bẹẹrẹ tàbí ní agboolé Bẹyẹrúnkà, tí òrùlé páànù fẹnu ko òrùlé páànù, ìró kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo ọjà àti ti ọkọ̀ wà níbẹ̀, onílù kì í sì í dúró sójú kan nígbà tó bá ń tẹ̀ lé ẹni tí ń náwó fún un.

Ní àwọn ọdún 1970 ni ètò náà yí padà. Ní ọdún 1973, nígbà tí Paul McCartney wá ṣe àwo rẹ̀ Band on the Run ní sítúdíò EMI ní Àpápá, ọ̀nà mẹ́jọ ni téèpù ibẹ̀ ní. Ní ọdún 1979 ni Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọ̀gá nínú àpàlà, ṣí Phonodisk ní Ìjẹ̀bú-Igbó pẹ̀lú téèpù ọlọ́nà 24. Irú téèpù yìí ni ó jẹ́ kí wọ́n lè fi ìlù kọ̀ọ̀kan pamọ́ sí ọ̀nà tirẹ̀, kí wọ́n sì pa wọ́n pọ̀ lẹ́yìn tí onílù ti lọ sílé. Àwọn olórin tó ti Ìbàdàn jáde, bíi Dáúdà Epo-Àkàrà tó ni àwúrèbe àti Síkírù Àyìndé Barrister tí wọ́n bí ní ìlú náà ní ọdún 1948, ṣe iṣẹ́ wọn ní ìgbà tí ìlù pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kan débi pé àǹfààní yìí hàn kedere. Ó ní àdánù tirẹ̀: nígbà tí onílù kò bá sí nídìí míkísà mọ́ nígbà tí wọ́n ń pa ohùn pọ̀, kò sí ẹni tí yóò sọ fún oníṣẹ́ pé ọ̀rọ̀ òun ti bọ́ sílẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tó gba ọjà lẹ́yìn náà, tí téèpù rẹ̀ fẹ́lẹ́ tí kò sì rìn ju ínṣì 1⅞ ní ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, tún fi ariwo tirẹ̀ kún un, pàápàá àwọn tí ọ̀bàyéjẹ́ ń dà kọ láti orí ẹ̀dà dé orí ẹ̀dà.

Lónìí, míkísà ti wọ inú kọ̀ǹpútà, ohun tó gba odindi tábìlì nígbà kan sì ti di àwòrán lójú ẹ̀rọ. Òfin rẹ̀ kò yí padà: géènì ṣáájú fédà, maikirofóònù ṣáájú equaliser, ìyáàlù ṣáájú omele, ọ̀rọ̀ ṣáájú adùn. Àwọn téèpù tó kù láti ìgbà tí a sọ yìí, yálà wọ́n wà ní ilé-iṣẹ́ rédíò, ní yunifásítì tàbí ní ilé àwọn àyàn, ń gbó lójoojúmọ́, àwọn tó lè túmọ̀ ohun tí ìlù inú wọn sọ sì ń dín kù. Ó tọ́ kí àwọn tí téèpù wọ̀nyí wà lọ́wọ́ wọn dà wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà láìfi falẹ̀, kí wọ́n pe àgbà onílù jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é, kí wọ́n sì kọ orúkọ onílù, orúkọ ẹni tó wà nídìí míkísà àti ọ̀rọ̀ tí ìlù náà sọ sí ara àpò téèpù kọ̀ọ̀kan.